Àbẹ́là Ṣíṣe Nílé: Ohun Tí Ń Bà Á Jẹ́ àti Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àbẹ́là la fẹ́ jọ gbé yẹ̀wò.

Nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn tó ń ta àbẹ́là wà, àwọn tó ń ṣe é nílé láti fi kún owó ọjà náà wà. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n kó owó èésú lé e, tí wọ́n wá ń ka ìka àbámọ̀ sẹ́nu. Iṣẹ́ náà kò gba ẹ̀rọ oníná, kò gba ṣọ́ọ̀bù ńlá. Bí a bá ti ọjà dé, a lè ṣe é lẹ́yìnkùlé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sáré sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ká sáà yọ́ ìda, ká dà á sínú móòdù, ká yọ ọ́, ká tà á, ó ti parí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà máa ń kó ọjà rẹ̀ padà wá bá.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà kan, bí NEPA bá ti mú iná lọ, àbẹ́là yòówù tó bá wà lórí àtẹ lèèyàn máa rà. NEPA di PHCN lọ́dún 2005. Nígbà tó di 2013, ìjọba fa pípín iná fún ará ìlú lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Orúkọ ń yí, òkùnkùn kò kúrò lọ́rùn wa. Àmọ́ láńtà oníbátìrì àti iná tó ń gba agbára lọ́dọ̀ oòrùn ti kún ọjà báyìí. Oníbàárà tó bá ra àbẹ́là tó kú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jó dé ìdajì kì í wá bá wa jà. Ó kàn máa lọ ra láńtà ni, a ò sì ní rí i mọ́. Àwọn tó ṣì ń rà á déédéé, bí ìjọ Aláàdúrà àti àwọn aláṣọ funfun, ìjọ Àgùdà, àti àwọn tó ń ṣe àsè, ojú wọn ti là. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan àbẹ́là, wọ́n mọ̀ bóyá ó dáa.

Nítorí náà, ohun méjì ló wà níbẹ̀ fún wa: owó tí a fi ṣòwò, àti ilé tí a ń gbé. Àbẹ́là tí kò dáa ń jẹ owó. Àbẹ́là tí a kò fara balẹ̀ ṣe lè jó ilé. A ó sọ méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÒWÚ NI ẸNU, ÌDA NI OÚNJẸ

Kí a tó dárúkọ àrùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ara tó ń ṣe. Àwọn ìyá wa àgbà tó tan fìtílà elépo mọ̀ pé òwú ló ń fa epo sókè fún iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbẹ́là. Iná á yọ́ ìda tó wà lábẹ́ rẹ̀, òwú á fa ìda tó yọ́ náà sókè, ooru iná á sọ ọ́ di oru, oru yẹn gan-an ló ń jó. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó fẹ́ àbẹ́là pa, kó sì tètè sún ìṣáná mọ́ èéfín funfun tó ń jáde lórí òwú. Ẹ máa rí i tí iná á gba inú èéfín náà fò padà sórí òwú. Ìda ni èéfín funfun yẹn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí: òwú ni ẹnu, ìda ni oúnjẹ. Bí ẹnu bá kéré ju oúnjẹ lọ, oúnjẹ á bo ẹnu mọ́lẹ̀, àbẹ́là á kú. Bí ẹnu bá tóbi jù, á máa fa ju ohun tó lè jẹ tán lọ, á máa rú èéfín, á sì máa ṣàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí oníbàárà ń mú wá, àárín ẹnu àti oúnjẹ ló wà.

OHUN TÍ A Ó RÀ, ÀTI OJÚ TÍ A Ó FI RÀ Á

Ìda tí a ń rà lọ́jà, èyí tí wọ́n ń pè ní paraffin wax, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń mú un jáde. Kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Òmíràn ń yọ́ ní ìgbóná tí kò tó nǹkan, òmíràn le. Bí ẹ bá rí 58/60 lára àpò, ohun tó ń sọ ni pé ìda náà ń yọ́ láàárín ìgbóná 58 sí 60. Irú èyí dáa fún oòrùn ilẹ̀ wa. Èyí tó bá rọ̀ jù á tẹ̀ lórí àtẹ kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ẹ fi èékánná tẹ ìda kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi ègé rẹ̀ ra bébà funfun pẹ̀lú. Bí bébà bá mú òróró, ìda náà kò mọ́ tó, epo ṣì pọ̀ nínú rẹ̀.

Èkejì ni stearic, èyí tó máa ń funfun bí ìyẹ̀fun tàbí bí èépá. Òun ló ń mú àbẹ́là le, tó ń mú un funfun dáadáa, tó sì ń jẹ́ kó tètè kúrò nínú móòdù. Kílò kan stearic sí kílò mẹ́sàn-án ìda, ìwọ̀n yẹn dáa láti fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń yọ ọ́ kúrò nítorí owó. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, owó tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́, àbẹ́là tó kán nínú móòdù ló ń gbà á padà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun àjèjì ni stearic yìí. Ọ̀rá màlúù tàbí epo ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Michel Eugène Chevreul ló wádìí ohun tó wà nínú ọ̀rá, òun àti Gay-Lussac sì gba ìwé àṣẹ lé àbẹ́là tí wọ́n fi í ṣe lọ́dún 1825. Láàárín ọ̀rúndún yẹn, epo pupa tó ń ti etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ, títí kan èyí tó ń gba Èkó kọjá, ni ilé iṣẹ́ Price's ní Lọ́ńdọ̀n ń fi ṣe àbẹ́là. Ta ló fún epo náà? Ta ló rù ú wá sọ́jà? Àwọn ìyá ìyá wa wà níbẹ̀. Òwò àbẹ́là kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọwọ́ obìnrin ilẹ̀ yìí.

Ẹ̀kẹta ni òwú. Òwú gidi tí a hun pọ̀ bí irun dídì ni kí ẹ rà, ẹ má ra fọ́nrán ọ̀rá. Ẹ̀yin aláṣọ mọ ìdánwò yìí: ẹ ṣáná sí etí òwú náà. Òwú gidi á jó di eérú, á sì máa rùn bíi bébà tó ń jó. Èyí tó bá ká jọ, tó sì di kóró líle, ọ̀rá wà nínú rẹ̀. Kò lè fa ìda sókè dáadáa.

Bí òwú yín kì í bá ṣe èyí tí wọ́n ti rẹ láti ilé iṣẹ́, ẹ lè rẹ ẹ́ fúnra yín. Ẹ da ṣíbí ìjẹun kan iyọ̀ àti ṣíbí ìjẹun méjì borax sínú kọ́ọ̀pù kan àti ààbọ̀ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ rò ó kó yọ́. Ẹ rẹ òwú sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì sá a fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí á fi gbẹ pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ rì í bọ inú ìda tó yọ́, ẹ fà á kó gún, ẹ jẹ́ kó le. Òwú tí a ṣe báyìí ń jó díẹ̀díẹ̀, kì í sì í ṣubú sínú ìda. Ẹ pa borax mọ́ kúrò lọ́wọ́ ọmọdé, ẹ má sì fi ṣíbí yẹn jẹun mọ́.

ÀWỌN ÌṢÒRO ÀTI OJÚTÙÚ WỌN

1. Àbẹ́là ń kú bó ti ń jó. Bí iná bá kéré, tí ìda tó yọ́ wá bo òwú mọ́lẹ̀, ẹnu ló kéré. Òwú yín tín-ín-rín jù fún àbẹ́là náà. Ẹ lo èyí tó nípọn jù ú lọ. Bí òwú bá sì nípọn tó, ẹ wo bóyá omi wà lára rẹ̀, tàbí iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ fi rẹ ẹ́, tàbí àwọ̀ tí ẹ fi sí ìda ló ń dí i.

2. Iná ń gbẹ́ ihò sáàárín, ìda ẹ̀gbẹ́ kò jó. Àbẹ́là ńlá ló máa ń ṣe èyí. Iná kò lágbára láti yọ́ ìda dé etí. Òwú tó nípọn sí i ni oògùn rẹ̀. Ẹ sì sọ fún oníbàárà tó ra àbẹ́là ńlá pé nígbà àkọ́kọ́ tó bá tàn án, kó jẹ́ kó jó títí ìda á fi yọ́ dé etí kó tó pa á. Bó bá ń tan án pa, tan án pa, ihò ni yóò máa gbẹ́.

3. Ó ń rú èéfín dúdú, ó ń ba ògiri jẹ́. Ẹnu tóbi jù, tàbí òwú gùn jù. Ẹ gé òwú kó má gùn ju ìdámẹ́rin íǹṣì lọ kí ẹ tó dì í. Bó bá ṣì ń rú èéfín níbi tí atẹ́gùn kò sí, òwú náà nípọn jù, ẹ lo èyí tó kéré sí i. Atẹ́gùn ojú fèrèsé náà ń fa èéfín, nítorí náà ẹ má dán àbẹ́là wò níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

4. Ó ń ṣàn sílẹ̀ bí ẹni ń sunkún. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ yẹ̀ wò: òwú nípọn jù, ìda rọ̀ jù, òwú kò sí láàárín gan-an, tàbí atẹ́gùn. Àwọn tó ń kánjú ni ti ẹ̀kẹta sábà máa ń bá. Bí òwú bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn á yọ́ kíá, ìda á gba ibẹ̀ sá lọ. Ẹ fa òwú le kó gún nínú móòdù, ẹ so ó lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì yọjú wò ó láti òkè kí ẹ tó da ìda.

5. Ó ń ta pàràpàrà bí àgbàdo lórí iná. Omi ni. Bóyá omi kán sínú ìda nígbà tí ẹ ń yọ́ ọ, tàbí òwú kò gbẹ, tàbí móòdù tí ẹ fọ̀ ṣì tutù. Ẹ nu gbogbo nǹkan gbẹ. Bí omi bá ti wọ inú ìkòkò ìda, ẹ gbé e kúrò lórí iná, ẹ jẹ́ kó dì. Omi á wà nísàlẹ̀ nítorí ó wúwo ju ìda lọ. Ẹ yọ ìda, ẹ da omi nù, ẹ nu abẹ́ ìda náà gbẹ, ẹ tún un yọ́.

6. Ó ń tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí àtẹ. Ìda rọ̀ jù tàbí stearic kò tó. Bó bá sì jẹ́ pé ìda dáa, oòrùn ọjà ló ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tó ń tà á, ẹ má fi páálí àbẹ́là sábẹ́ páànù gbígbóná tàbí sínú ọkọ̀ tí wọ́n ti pa lójú oòrùn. Ẹ tò ó ní ìdùbúlẹ̀ lórí ohun tó tẹ́jú, ẹ má gbé ẹrù wúwo lé e.

7. Kò fẹ́ kúrò nínú móòdù. Ẹ wo nǹkan mẹ́ta: ṣé stearic wà níbẹ̀? Ṣé móòdù mọ́, tí ìda àná kò lẹ̀ mọ́ ọn? Ṣé àbẹ́là ti tutù dé inú? Kí ẹ tó da ìda, ẹ fi òróró díẹ̀ sí aṣọ, ẹ fi nu inú móòdù fẹ́rẹ́. Bí òróró bá pọ̀ jù, á ba ara àbẹ́là jẹ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha inú móòdù láéláé. Ojú ọgbẹ́ tí ọ̀bẹ bá dá síbẹ̀ ni àbẹ́là á máa di mọ́ lójoojúmọ́. Omi gbígbóná ni kí ẹ fi yọ́ ìda tó bá lẹ̀ mọ́ móòdù, kí ẹ sì nù ún gbẹ.

8. Ihò wà nídìí rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú. Bí ìda bá ń tutù, ó máa ń súnkì. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, bí ìda ṣe rí nìyẹn. Ẹ má da gbogbo ìda tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń dì, tó sì ń rì, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú kí afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ wá fi ìda gbígbóná tó kù dí i. Bó bá jẹ́ pé ihò wínníwínní ló wà lára rẹ̀, ẹ ti ń sáré da ìda jù. Ẹ rọra dà á, kí ẹ sì fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ móòdù jẹ́jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè jáde.

9. Ìlà funfun wà lára rẹ̀, tàbí ó sán. Àrùn méjì tó jọra ni, ṣùgbọ́n orísun wọn kò dọ́gba. Ìlà roboto lára àbẹ́là ń sọ pé ìda tutù jù nígbà tí ẹ dà á. Bí ẹ bá ti rí i tí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ń dì létí ìkòkò, ó ti tutù jù, ẹ dá a padà sórí iná. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná, kó máa da ìda nígbà tó bá wà ní nǹkan bí 80. Àbẹ́là tó bá sán ní tirẹ̀, a tutù ú ní kíákíá jù ni. Omi lásán ni ká fi tutù ú, kì í ṣe omi yìnyín, kì í sì í ṣe inú fíríìjì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

10. Àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Àwọ̀ tí a fi ń ṣe oúnjẹ kò ṣeé lò, nítorí omi ló ń yọ́ sí, omi àti ìda kò sì rẹ́. Àwọ̀ tí wọ́n ṣe fún àbẹ́là, tó ń yọ́ nínú ọ̀rá, ni kí ẹ béèrè fún. Ẹ má fi kíréyọ̀nù ọmọ ilé ìwé ṣe é. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kì í yọ́ tán, òwú ló máa ń dí. Àwọ̀ díẹ̀ tó. Ẹ kán ìda náà sórí bébà funfun, ẹ jẹ́ kó dì, kí ẹ tó mọ bó ṣe máa rí, nítorí àwọ̀ ìda gbígbóná àti ti ìda tó dì kò rí bákan náà.

Ọ̀rọ̀ ìtùnú kan rèé: àbẹ́là tó bàjẹ́ kì í ṣe òfò pátápátá. Ẹ fọ́ ọ, ẹ yọ òwú, ẹ yọ́ ìda, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ tún un dà. Epo ìdáná àti àsìkò yín nìkan ló lọ.

Ẹ DÁN AN WÒ KÍ Ẹ TÓ TÀ Á

Ẹni tó ń se ọbẹ̀ tà máa ń tọ́ ọ wò. Kí ló dé tí a ń ta àbẹ́là tí a kò tàn rí? Bí ẹ bá ra ìda tuntun tàbí òwú tuntun, ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ra òwú oríṣi mẹ́ta, tín-ín-rín, alábọ́dé àti nínípọn, kí ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe àbẹ́là kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ níbi tí kò sí atẹ́gùn. Ẹ kọ àsìkò tí ẹ tàn án àti àsìkò tó jó tán sílẹ̀. Èyí tí iná rẹ̀ dúró jẹ́jẹ́, tí kò rú èéfín, tí ìda rẹ̀ yọ́ súnmọ́ etí láìṣàn, òun ni kí ẹ mú. Ẹ kọ orúkọ òwú náà sínú ìwé. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kó ní kí ọmọ bá òun kọ ọ́. Ìwé yẹn lè gbà wá lọ́wọ́ gbèsè.

IṢẸ́ INÁ NI O, Ẹ MÁ FI ṢERÉ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá fẹ́ ka ibì kan péré nínú ìwé yìí, ibí ni kó kà.

Ẹ má gbé ìkòkò ìda lé iná ní tààrà. Ẹ gbé e sínú ìkòkò mìíràn tí omi wà nínú rẹ̀, kí omi yẹn ló máa yọ́ ìda. Omi tó ń hó kì í gbóná ju 100 lọ, ìda kò sì lè gbiná níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìda tó bá wà lórí iná ní tààrà, kò ní hó bí omi kó tó kìlọ̀ fún wa. Á kàn máa gbóná lọ ni. Bí ẹ bá ti rí i tó ń rú èéfín, ewu ti dé, ẹ pa iná lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa wo omi ìsàlẹ̀, kó má gbẹ. Ẹ má kún ìkòkò ìda ju ìdajì lọ.

Bí ìda bá gbiná, ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌ́DỌ̀ DA OMI SÍ I. Omi wúwo ju ìda lọ. Á rì sísàlẹ̀, á di oru lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fọ́n ìda oníná káàkiri ilé àti sójú ẹni tó dà á. Ẹ pa sítóòfù. Ẹ fi ìdérí bo ìkòkò náà, ẹ má sì ṣí i títí á fi tutù. Ẹ má gbé ìkòkò tó ń jó sáré jáde. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣáná, kí ìdérí tó bá ìkòkò mu àti garawa iyanrìn wà nítòsí. Ẹni tí kò bá ní méjèèjì, kó má bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má bu epo òyìnbó sínú sítóòfù tó ń jó tàbí tó ṣì gbóná. Ẹ má gbé bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ sí yàrá tí ẹ ti ń yọ́ ìda. Ẹ di ìró yín dáadáa, ẹ ká apá bùbá sókè, ẹ so gèlè mọ́ra. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ má sì fi ìda sílẹ̀ lórí iná torí oníbàárà kanlẹ̀kùn. Oníbàárà á dúró, iná kì í dúró.

Bí ìda gbígbóná bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, ẹ da omi mímọ́ tó tutù sí ojú ibẹ̀ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ipá ṣí ìda tó lẹ̀ mọ́ awọ, torí awọ á bá a lọ. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ má bẹ́ ibi tó bá wú. Bó bá tóbi, tàbí tó bá jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí ara ọmọdé, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ má da ìda tó kù sí gọ́tà. Á dì síbẹ̀, á dí ojú omi, àdúgbò á sì dá wa lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kó dì sínú abọ́, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

ÌṢIRÒ KÍ A MÁ BAÀ TA LÁDÀÁNÙ

Ẹ wọn àbẹ́là yín. Bí ọ̀kan bá wọn 50 giráàmù, kílò kan á fún wa ní 20, kílò 10 á fún wa ní 200. Bí ẹ bá wá kà á tí ẹ bá 170, ẹ béèrè ibi tí 30 lọ. Ṣé ó kán ni? Ṣé ìda dà nù? Àbí móòdù yín ń mú ju bí ẹ ti rò lọ?

Ẹ ro owó ìda, owó stearic, owó òwú, epo ìdáná, ọ̀rá tí ẹ fi dì í, owó ọkọ̀, ẹ pín in sí iye àbẹ́là tó dáa, kì í ṣe iye tí ẹ dà. Kí ẹ wá fi owó iṣẹ́ ọwọ́ yín kún un. Ọ̀pọ̀ wa kì í ka ti iṣẹ́ ọwọ́ yìí. A máa ń sọ pé ilé la ti ṣe é. Ilé tí a ti ṣe é, ṣé a sùn níbẹ̀ ni? Bí ọmọ iṣẹ́ ló ṣe é, a máa sanwó fún un. Ẹ sanwó fún ara yín.

Ẹ má sì torí kí ó lè pọ̀ gé àbẹ́là kúrú tàbí kó mẹ́fà sínú ọ̀rá tó yẹ kí mẹ́jọ wà. Alágbàtà tó bá kà á lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé. Iye tó bá wà nínú ọ̀rá ni kí ẹ kọ sí i lára.

Ẹ̀yin tó ń rà á tà, tí ẹ kì í ṣe é, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Kí ẹ tó kó páálí kan lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, ẹ tan ọ̀kan níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá òwú rẹ̀ wà láàárín. Ẹ gbọ́ bóyá ó ń ta. Bí kò bá dáa, ẹ má bú u. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un, ẹ sì fi ìwé yìí hàn án. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ni gbogbo wa.

Èyí tó bá ti mọ iṣẹ́ yìí dáadáa nínú wa, a bẹ̀ ẹ́, kó mú ẹni kan mọ́ra kó kọ́ ọ. Ẹni tó bá sì ní ìṣòro tí a kò mẹ́nu bà níbí, kó mú àbẹ́là náà dání wá sí ìpàdé wa. Kó má wulẹ̀ ṣàlàyé lẹ́nu. Ká jọ tàn án, ká jọ wò ó, ká jọ sọ ibi tó ti wọ́.

Iná tí a ń ṣe kò ní jó wa o. Ìmọ́lẹ̀ tí a ń tà, àwa náà á rí lò nínú ilé wa.